Ẹni tí wọ́n nà pé ó ń ṣe géè, ṣé lóòótọ́ ni pé kò lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Tí wọ́n bá ti na ọmọkùnrin kan pé ó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á gba fóònù ẹ̀, wọ́n á kó owó inú àkáǹtì ẹ̀ lọ, tí ẹnì kan bá wá ní kó lọ fẹjọ́ sùn, gbogbo èèyàn á ní "fẹjọ́ sun ta? Tó bá dé tẹ́ṣọ̀n, òun gan-an ni wọ́n máa tì mọ́lé, ṣé ò mọ̀ pé òfin ti wà ni?" Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá o, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Àwọn tó nà án náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa sọ fún un nìyẹn, òun ni wọ́n gbójú lé tí ọkàn wọn fi balẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ládùúgbò Under G tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tókọ́pì. Lọ́dún tó kọjá ọmọ kan wọlé láàárọ̀ kùtù, ètè ẹ̀ wú, sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù. Ó ní kí n bá òun tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì òun jáde. Mo rí trànsífà mẹ́ta níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 40, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ lọ sí, ó wá ku ₦11. Ìgbà tí mo fún un lómi ló tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì ló pè é wá sílé, ó débẹ̀, ó bá ọkùnrin mẹ́rin. "Wọ́n kito mi," bí àwọn ọmọ náà ṣe ń pè é nìyẹn. Mo ní ká kọ petition, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, sí ọlọ́pàá. Ó ní "Àǹtí, ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn wọ́n? Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Èmi ni mo jẹ̀bi" yẹn ló ń dùn mí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin ló fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí, ó fi ọdún 10 sí dídá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ àti fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Criminal Code, ìwé òfin ọ̀ràn dídá tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa, náà fi ọdún 14 sí ìbálòpọ̀ fúnra ẹ̀ ní section 214. Òfin tó le ni méjèèjì, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kí ará àdúgbò na ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, kí wọ́n gba owó ẹ̀.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ rárá wá ni section 408 nínú Criminal Code kan náà yẹn. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ń halẹ̀ mọ́ èèyàn pé òun máa fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn án, kó lè fi gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀daràn ni, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ yẹn ṣe nǹkan náà àbí kò ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ yẹn, ẹni tó ní "trànsífà owó wá, àbí ká pe ọlọ́pàá fún ẹ" ti ṣẹ̀ sófin kí ọmọ náà tó la ẹnu ẹ̀ rárá.

Nǹkan kejì tí kò yé àwọn èèyàn ni pé ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ ni wọ́n ń kọ sínú statement, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣọ̀n, kì í ṣe ìtàn ayé ẹ. Ọkùnrin mẹ́rin nà mí níbi báyìí, ní aago báyìí, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n fi tipátipá gba PIN mi, owó mi lọ sí àkáǹtì báyìí. Ó parí. Tí ọlọ́pàá tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ bá bi ẹ́ pé kí lo wá débẹ̀, sọ pé ẹni tí mo mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló pè mí, òótọ́ sì nìyẹn. O lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n kà á sí ẹ létí kó o tó fọwọ́ sí i, torí mo ti rí statement tí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín ò sọ wà nínú ẹ̀.

Mi ò sọ pé ọlọ́pàá máa gbá ẹ mọ́ra o. Ní February 2014, oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí òfin yẹn, àwọn èrò kan fi igi àti irin lu àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ní wọ́n ń ṣe géè ní Gishiri l'Ábújá, wọ́n wọ́ mélòó kan nínú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn yẹn sì ní ọlọ́pàá tún nà wọ́n níbẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó lọ́dún 2018, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 50 ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé 47 lọ sílé ẹjọ́, ó di October 2020 kí adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù. Torí náà ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ yìí ní ìdí. Ohun tí mo ń jà sí ni pé kí wọ́n má sọ fún wọn pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́.

Ọmọ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi yẹn padà lọ sí tẹ́ṣọ̀n, lọ́yà kan tẹ̀ lé e. Wọ́n rí ẹni tó ni àkáǹtì, ó dá díẹ̀ padà nínú owó náà, wọn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù, fóònù ẹ̀ ò sì padà wá. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má dá lọ o. Ẹ mú lọ́yà tàbí àgbàlagbà kan tẹ́ ẹ fọkàn tán dání, ẹ kọ́kọ́ gba ọsibítù kọjá kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Tí ọkàn yín ò bá gba tẹ́ṣọ̀n àdúgbò, kí lọ́yà kọ petition sí Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn. Ẹ má ṣí fóònù tuntun yín fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn káńtà ní tẹ́ṣọ̀n. Tó bá sì jẹ́ òru ni wọ́n ṣe é, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ yá fóònù ẹni tó bá wà nítòsí, kí ẹ pe báǹkì yín kí wọ́n dí àkáǹtì tí owó lọ sí, kí wọ́n tó lọ gbà á ní POS.