Ìṣàfarawé ìṣàn résìnì nínú ṣíṣe ẹ̀yà ara bàálù

Ìṣàfarawé ìṣàn résìnì ni ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti mọ ọ̀nà tí résìnì, èròjà olómi tó máa ń dì le, yóò gbà, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó, kí ó tó rin gbogbo aṣọ okùn kábọ̀nù tí wọ́n fẹ́ sọ di ìyẹ́, ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀yà mìíràn lára bàálù. Résìnì tó bá ti dì kò ṣe é yọ́ padà. Bí ibì kan bá gbẹ sílẹ̀ láàárín ìyẹ́ tó gùn ju mítà mẹ́wàá lọ, àtúnṣe rẹ̀ le púpọ̀. Nígbà mìíràn ńṣe ni wọ́n máa ń da gbogbo rẹ̀ nù, àti okùn, àti résìnì, àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́.

Nínú iṣẹ́ náà, aṣọ kábọ̀nù gbígbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́ sórí móòdù, ohun tó ń fún ẹ̀yà náà ní ìrísí, ìpele lórí ìpele. Wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á lẹ etí ọ̀rá náà pa pinpin, wọ́n á sì fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá wá ṣí páìpù, afẹ́fẹ́ ayé tó ń tẹ résìnì inú garawa, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi 100 kPa (kílòpáskà, òṣùwọ̀n ìfúnpá), ni yóò tì í wọ inú aṣọ. Àwọn mìíràn ń lo móòdù irin alápá méjì, tí wọ́n á pa dé kí ẹ̀rọ tó ti résìnì sí i. Ọ̀nà tó ṣáájú ìwọ̀nyí ni lílo aṣọ tí wọ́n ti fi résìnì rin láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú fírísà títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, tí wọ́n sì sábà máa ń sè nínú ààrò ńlá onífúnpá. Aṣọ gbígbẹ dín ìnáwó yẹn kù, àmọ́ ewu kan bá a wá. Nínú aṣọ tí wọ́n ti fi résìnì rin tẹ́lẹ̀, résìnì ti wà níbi tó yẹ kó wà. Nínú aṣọ gbígbẹ, ó ní láti rìnrìn àjò débẹ̀.

Òfin tí ìṣirò náà dúró lé kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bàálù wá. Henry Darcy, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé tó ṣètò omi ẹ̀rọ fún ìlú Dijon, ló gbé e jáde ní 1856, lẹ́yìn tó ti wọn bí omi ṣe ń jò gba inú iyanrìn. Bí ìfúnpá bá ṣe lágbára tó ni ìṣàn ṣe ń yá tó. Bí ohun tó ń ṣàn bá ki, yóò falẹ̀. Bí àyè tó ń gbà kọjá bá há, yóò tún falẹ̀ sí i. Àyè ìṣàn yìí, tí wọ́n ń fi mítà onígun mẹ́rin wọ̀n, ló ń da àwọn oníṣirò láàmù jù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Àwọn oníbàálù mọ résìnì RTM6 ti ilé iṣẹ́ Hexcel dáadáa. Ìgbóná 120°C ni wọ́n sábà máa ń gbé e dé kí ó tó wọlé, kíki rẹ̀ níbẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po 35 ti omi tútù. Bí okùn bá gba ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú aṣọ, tí àyè ìṣàn rẹ̀ sì jẹ́ 10⁻¹¹ m², résìnì yìí yóò lo nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11 kí ó tó rin mítà kan lábẹ́ 100 kPa. Bí ó bá di mítà méjì, kì í ṣe wákàtí mẹ́rin ni yóò lò bí kò ṣe wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45, nítorí pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Résìnì náà á ti ki jù kí ó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tẹ́ àwọ̀n oníke sórí aṣọ, kí résìnì lè kọ́kọ́ sáré gba orí àwọ̀n kí ó tó máa rin wọ ìsàlẹ̀.

Ìyẹ́ bàálù kì í ṣe ọ̀nà tààrà onímítà kan. Ó tẹ̀, ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Nítorí náà kọ̀ǹpútà máa ń gé àwòrán rẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké, yóò ṣírò ìfúnpá inú ègé kọ̀ọ̀kan, yóò sún résìnì síwájú díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí gbogbo ègé yóò fi kún. PAM-RTM tí ESI Group ṣe ní Faransé, RTM-Worx láti Netherlands, àti LIMS ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò fún un. Ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá nínú wọn ni ibi tí yóò fi ẹnu páìpù sí, àti ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde gbẹ̀yìn.

Síbẹ̀, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dára ju nọ́ńbà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò àgbáyé kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, oríṣi aṣọ kan náà ni onírúurú yàrá ìwádìí wọn àyè ìṣàn rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín èsì wọn tó ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí túmọ̀ sí pé wákàtí kan lórí kọ̀ǹpútà lè di wákàtí mẹ́wàá nínú ilé iṣẹ́. Ẹgbẹ́ olùwádìí méjìlá ló kópa nínú ìdánwò kejì, tí ìlànà kan ṣoṣo wà fún. Ìyàtọ̀ àárín àwọn tó tẹ̀ lé ìlànà náà kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀n lórí tábìlì pẹrẹsẹ kò rí bákan náà mọ́ bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí móòdù tó tẹ̀ kọdọrọ, torí okùn rẹ̀ á ti sún mọ́ra.

Etí aṣọ tún ni ìdààmú tirẹ̀. Bí àlàfo tín-ín-rín bá wà láàárín aṣọ àti ògiri móòdù, résìnì á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn, á yí aṣọ po láti ẹ̀yìn, á sì há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá há mọ́ yìí, résìnì kò ní dé, gẹ́gẹ́ bí aró kì í ṣe é dé ibi tí a fi ìko dì nínú àdìrẹ. Torí pé ẹnì kankan kò lè mọ bí àlàfo náà yóò ti fẹ̀ tó ní ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe ìṣàfarawé kan náà pẹ̀lú oríṣiríṣi àlàfo.

Ihò afẹ́fẹ́ kékeré máa ń wáyé nínú aṣọ fúnra rẹ̀. Ìdì okùn ni aṣọ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ló sì wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí résìnì bá sáré jù, á gba àárín àwọn ìdì kọjá, á sì fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. Bí ó bá falẹ̀ jù, àwọn fọ́nrán á máa fà á bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo, afẹ́fẹ́ á wá kù sí àárín ìdì sí ìdì. Ìwọ̀n eré kan wà láàárín méjèèjì tí ihò ti máa ń kéré jù, òun sì ni wọ́n ń lé.

Lábẹ́ ọ̀rá, aṣọ kì í dúró sí nínípọn kan. Ibi tí résìnì bá dé, ó ń bá okùn gbé ẹrù afẹ́fẹ́ ayé, okùn á sì wú díẹ̀. Ìlànà yìí, ọ̀dọ̀ Karl Terzaghi tó ṣe ìwádìí erùpẹ̀ ni wọ́n ti yá a. Ìgbóná náà ń yí nǹkan padà. Ó kọ́kọ́ máa ń mú résìnì ṣàn bí àdí tó yọ́ nínú oòrùn, lẹ́yìn náà á mú kí ó ki bí ògì tí omi gbígbóná bá. RTM6 máa ń dì pátápátá ní 180°C, ó sì ń mú ooru tirẹ̀ jáde bó ṣe ń dì, èyí tó lè jó àárín ẹ̀yà tó bá nípọn.

Àwọn bàálù tí wọ́n fi ọ̀nà yìí ṣe ń fò lónìí. Belfast ni wọ́n ti ṣe ìyẹ́ Airbus A220, tí ilé iṣẹ́ Bombardier ń pè ní C Series nígbà tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2013. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìyẹ́ náà kí wọ́n tó fi résìnì sí i nínú ààrò onífúnpá. Ibom Air ń fi A220 ná Èkó àti Abuja. Ìyẹ́ bàálù MC-21 ti Rọ́ṣíà, tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2017, kò wọ ààrò onífúnpá rárá. Nígbà tí okùn àti résìnì ilẹ̀ òkèèrè kò wọlé fún wọn mọ́, wọ́n yí sí ti ilẹ̀ wọn, bàálù tí wọ́n fi ìwọ̀nyí ṣe sì gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2021. Bí aṣọ tàbí résìnì bá yí padà báyìí, àyè ìṣàn, kíki àti dídì rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún wọ̀n kí ìṣàfarawé tó lè wúlò.

Nínú àwọn móòdù kan, wọ́n máa ń ri ẹ̀rọ atọ́ka kéékèèké mọ́lẹ̀, tó ń sọ ìṣẹ́jú tí résìnì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àkókò yìí ni wọ́n ń fi wé ti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì fi tún nọ́ńbà àyè ìṣàn ṣe fún ẹ̀yà tó kàn. Lẹ́yìn tí ẹ̀yà bá ti dì, wọ́n á fi ìró tí etí kò lè gbọ́ yẹ inú rẹ̀ wò láti ìkángun dé ìkángun, ibi yòówù tí kọ̀ǹpútà ti sọ pé ó kún.