Ṣé gbogbo jíìpù ló ní fọ́ọ̀-wíìlì? Ìbéèrè àbúrò ìyàwó mi

Sátidé tó kọjá ni àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ wá bá wa níbí ní Iléṣà, ó lóun fẹ́ ra jíìpù àlòkù tówó ẹ̀ ò ní pa èèyàn, kóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè máa gbé e wọ ọ̀nà oko tí iṣẹ́ ò bá sí, kí wọ́n máa fi ṣeré nínú ẹrẹ̀, kí wọ́n máa fi gun òkè. Ẹ̀rín pa mí. Ẹrẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń sá fún lọmọ yìí fẹ́ lọ fowó wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi mí dáa, òun nìkan kọ́ ló sì ti bi mí rí, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bá a ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí jíìpù ni jíìpù, kí ló dé tí mi ò lè ra èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ga?

Gíga ò kan fọ́ọ̀-wíìlì, àbúrò. Fọ́ọ̀-wíìlì ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn táyà iwájú àti tẹ̀yìn, pọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ tó bá ti ga nílẹ̀ díẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí gbàgẹ̀dẹ̀, jíìpù náà nìyẹn, ì báà jẹ́ RAV4, ì báà jẹ́ Highlander. Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá, ẹsẹ̀ iwájú méjì péré ló ń fà á, kò yàtọ̀ sí Corolla tí wọ́n gbé lé orí àpótí. 4Runner tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn pàápàá, wọ́n ṣe èyí tó jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló fi ń rìn.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo jẹ nínú ìyà ẹ̀. 4Runner tí mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á fún mi (mi ò ní dárúkọ ẹ̀) búra pé fọ́ọ̀-wíìlì pọ́ńbélé ni, ó tiẹ̀ lẹ 4WD (fọ́ọ̀-wíìlì náà nìyẹn) mọ́ ọn lẹ́yìn, èmi náà ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ojú ló ń kán mi. Ìgbà òjò ni, mo gbé e lọ sóko ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn Ìtagúnmódì, mo sọ̀ kalẹ̀ síbi odò kékeré kan, ó kù kí n gòkè ni ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo, ẹrẹ̀ ń fọ́n dé orí kòkó, iwájú wá dúró gbọnin bí àlejò tó ń dúró kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn ọmọ tó ń wa góòlù lágbègbè yẹn ló wá fà mí jáde, wọ́n sì gbowó gidi lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, ó ní "Bàbá, kò sí nǹkan kan níwájú ńbí o." Ọmọ yẹn ò ju ogún ọdún lọ.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà náà, èmi tí mi ò kí ń ṣe mẹkáníìkì?

Wọ abẹ́ ẹ̀. Wọ aṣọ tí o ò kà sí, tẹ́ páálí sílẹ̀, kó o sùn gbalaja. Ohun tó ò ń wá ni irin roboto kan bí ìkòkò kékeré, tí eyín gíà àti ọ́ìlì wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní differential, àti irin gígùn tó ń yí, pùròpẹ́là, tó máa ń gbé agbára lọ bá a. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ bíi 4Runner tàbí Pathfinder, ẹ̀yìn ò ní ṣàìní tiẹ̀, iwájú ni kó o wò: ṣé ìkòkò kan wà níbẹ̀, ṣé pùròpẹ́là kejì ti àárín wá síwájú? Tó bá jẹ́ RAV4, CR-V tàbí Highlander, yí i padà, ẹ̀yìn ni kó o wò, torí iwájú ni àwọn yẹn fi ń rìn látilẹ̀.

Ìyẹn náà ò tíì tó o. Mo ti rí ọkọ̀ tó ní ìkòkò níwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú pùròpẹ́là ẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù torí pé ó ń dún, wọ́n ní "kò ṣáà wúlò fún wa." Torí náà dán an wò. Gbé e lọ sórí ilẹ̀ tí ò ní ọ̀dà, kí ilẹ̀ náà tú díẹ̀, ki í sí 4H, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wo táyà iwájú bó o ṣe ń fi agbára gbéra. Lẹ́yìn náà dúró pátápátá, gíà ní N, kó o wá ki í sí 4L. Tó bá wọlé dáadáa, ohùn ẹ́ńjìnnì máa yí padà, ọkọ̀ á wá máa fà bí ìgbín kódà tó ò tẹ iná rárá. Tó bá kọ̀ tí ò wọlé, tàbí tí iná ẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé "fíúùsì lásán ni." Tó bá jẹ́ fíúùsì ni, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ níṣojú ẹ.

4H, 4L, kí lẹ̀ ń sọ gan-an?

H yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, eré ò sì dín kù. L ni ti ibi tó le. Wo ẹni tó ru àpò kòkó tó ń gun òkè, kì í gbé ẹsẹ̀ gbàǹgbàlà, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé. Ohun tí 4L ń ṣe nìyẹn: nínú 4Runner tí wọ́n ṣe láàárín 1996 sí 2002, ó máa ń sọ agbára tó ń dé ẹsẹ̀ di ìlọ́po méjì àbọ̀, eré á sì lọ sílẹ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. RAV4 àti CR-V ò ní L rárá. Ti CR-V àtijọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń dúró ni títí iwájú á fi yọ̀ kó tó dìde wá ràn án lọ́wọ́, ó dáa fún títì tí òjò ti rọ̀ sí, ṣùgbọ́n tó o bá gbé e sọ̀ sínú kòtò tòótọ́, wàá rìn wálé.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: irú 4H tó o máa ń fi irin kékeré ẹ̀gbẹ́ gíà kì yẹn, má lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ. Tí ọkọ̀ bá ń yíwọ́, ẹsẹ̀ iwájú máa ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n 4H ti so iwájú àtẹ̀yìn pọ̀ kí wọ́n máa yí bákan náà, nínú ẹrẹ̀ táyà á yọ̀ díẹ̀ tí wàhálà á tán, lórí ọ̀dà kò ríbi yọ̀ sí, irin inú ló máa gbà á sára. Ibi tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà yìí ni wọ́n ti ń fi pa á, kì í ṣe inú igbó.

Èwo wá ni kí n rà?

Tówó ẹ bá gbé e, 4Runner 1996 sí 2002 tó ní L. Ẹ́ńjìnnì 3.4 inú ẹ̀ lágbára, páàtì ẹ̀ ò sì ṣòroó rí. Àmọ́ orúkọ yẹn ti gbówó lórí, ibi tó o ti lè rí àǹfààní ni Pathfinder, torí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ dù ú. Èyí tí mò ń wà báyìí nìyẹn, ti 2002. Montero náà ò burú, Suzuki Grand Vitara tó ní L kéré lára, ó máa ń gba àárín igi kọjá níbi tí tèmi á ti há. Páàtì àwọn méjèèjì yẹn ló máa gbé ẹ dé Arárómí ní Gate, n'Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó. Land Rover Discovery? Tó o bá fẹ́ kí mẹkáníìkì máa gbé pẹ̀lú yín nílé.

Kó o ṣọ́ra fún Pathfinder 2005 sí 2010. Inú rádíétọ̀ ẹ̀ ni ọ́ìlì gíà ti máa ń tutù, ibẹ̀ máa ń là, omi á wọ inú gíà, gíà náà á sì lọ. Tó o bá ṣí rádíétọ̀ tó o rí ohun tó dà bí ògì, sá. Tó bá sì mọ́, ṣáà béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rádíétọ̀ yẹn.

Ti epo ńkọ́, máa retí bíi lítà 14 ní kìlómítà 100 lórí títì pẹ̀lú irú 4Runner yẹn, tó o bá wọ 4L o ò ní fẹ́ kà á. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún 2023, ohun tó lé ọ̀rẹ́ mi méjì kúrò nínú eré yìí nìyẹn.

Tí mo bá ti rí èyí tó wù mí, kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìpẹtà. Èyí tó bá ti ibi tí yìnyín ti ń já bọ́ wá, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì níbẹ̀, iyọ̀ ló sì ń jẹ irin. Mú òòlù kékeré dání, máa gbá ṣáṣí ẹ̀, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, tó bá dún kín-ín ó dáa, tó bá dún gbùú tí ìpẹ́ ń jábọ́, má dúró. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sí i lókè kì í bo ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n tú bóòtù ọ́ìlì differential, tí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, odò ló ti wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀tì (bẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà lára ẹ́ńjìnnì), ti 4Runner yẹn 90,000 máìlì ni wọ́n ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀, ti Pathfinder tó ní ẹ́ńjìnnì 3.3, tí bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, fáàfù lè tẹ̀. Pépà kọ́sítọ́ọ̀mù ńkọ́, má gbà pé "ó ń bọ̀ lọ́nà."

Má sì ná gbogbo owó ẹ tán lórí ọkọ̀. Pín owó ẹ sí mẹ́rin, fi mẹ́ta ra ọkọ̀, ìkan tó kù máa lọ sórí táyà, ṣọ́ọ̀kù àti ọ́ìlì kó o tó wọ igbó rárá. Ná an bí Òṣómàáló, lóṣòó síbẹ̀ títí tó fi máa sọ òótọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá fẹ́ jáde ńkọ́?

Má dá lọ. Ọkọ̀ méjì, ó kéré tán. Ẹ kọ́kọ́ kí Lọ́jà (baálẹ̀) abúlé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba oko wọn, torí oko olóko ni, kì í ṣe pápá ìṣeré, ẹ ò sì gbọdọ̀ gun kòkó ẹnikẹ́ni. Nítòsí Ìtagúnmódì àti àgbègbè ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, kòtò tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lábẹ́ koríko, ẹsẹ̀ ni kó o fi kọ́kọ́ rìn ín. Odò náà bẹ́ẹ̀: kí èèyàn wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọ̀pá, tó bá ti ju ìdajì táyà lọ, ẹ padà.

Ki 4L kó o tó dé inú ẹrẹ̀, má dúró dìgbà tó o bá rì. Tí táyà bá ti ń yí lófo, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ṣe lò ń gbẹ́ sàréè ọkọ̀ náà. Dín afẹ́fẹ́ táyà kù, tó bá jẹ́ 32 lórí géèjì afẹ́fẹ́ (PSI) lò ń lò lórí ọ̀dà, sọ ọ́ di 20 kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù tó máa fẹ́ ẹ padà kó o tó wá sórí títì. Bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, gíà kìíní ti 4L ni kó dì ọ́ mú, má tẹ búréèkì ní àtẹ̀pa. Okùn ìfà, ara ṣáṣí ni kó o so ó mọ́, má so ó mọ́ báńpà, má sì so ó mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà, ó lè já kó fò bí ọta, ó ti pa èèyàn káàkiri ayé. Ṣọ́bìrì, pákó méjì, omi, iná tọ́ọ̀ṣì. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko, o mọ̀ ọ́n ṣá, ìwọ náà kó tìrẹ dání láti ilé.

Ẹ̀gbọ́n, Pathfinder yín tó wà níta yẹn, ẹ ò tà á fún mi?

Mi ò tà á. Àmọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tó o bá ra epo sí i, ìwọ lo máa wà á dé ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìbòdì, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Mú bàtà òjò wá.