Íápíìsì olówó ńlá méjì: ìdí tí ohùn àti ìtùnú etí kò fi ṣeé yà sọ́tọ̀

Bí èèyàn bá ki ọmọńdinrín bọ etí, tó wá la ẹnu tó sì pa á dé lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, yóò rí i pé ihò náà ń fẹ̀, ó sì ń fún. Àgbọ̀n ló ń tì í. Inú ihò tí kì í dúró sójú kan yìí ni íápíìsì ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ fi méjì wéra, kì í ṣe lára iye sípíkà tí wọ́n kọ sí páálí.

Ká mú Sennheiser IE 800 àti Shure SE846. Sípíkà kan ṣoṣo ló wà nínú IE 800, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7. Awọ tín-ín-rín kan ló ní, wọ́n lẹ wáyà kíká mọ́ ọn, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń tì í síwá sẹ́yìn bí orin bá ti ń wọlé. Mẹ́rin ni ti SE846, oríṣi tí wọ́n ń pè ní balanced armature: irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbọ̀n. Irú èyí máa ń ya ohùn olórin kúrò lára gìtá kedere, ṣùgbọ́n béèsì kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí Shure fi to irin pẹlẹbẹ 10 mìíràn, tí kì í gbọ̀n, léra wọn, tí wọ́n la ọ̀nà tóóró gígùn gba àárín wọn, kí ohùn òkè má baà tẹ̀lé béèsì jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n òfo ni gbogbo ọgbọ́n yìí bí rọ́bà, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tó wà lẹ́nu íápíìsì, kò bá dí etí dáadáa. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà láàárín sípíkà àti ìlù etí ni béèsì ń tẹ̀. Bí àyè bíńtín bá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ sá, béèsì á bá a lọ, ohùn òkè nìkan á kù tí yóò máa gún etí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé íápíìsì kan kò ní béèsì, rọ́bà tí kò bá etí rẹ̀ mu ló ń bá wí.

Bí rọ́bà ṣe wọlé tó náà ṣe pàtàkì. Ihò etí àgbàlagbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bó bá ṣí sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a máa gbé ohùn tó wà nítòsí 3,000 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ga. Bí a bá dí i, ìrànlọ́wọ́ yẹn lọ nìyẹn, ẹni tó ṣe íápíìsì ló ní láti dá a padà. Bí rọ́bà bá tún jìn sí i, ibi tí ohùn òkè ti ń ta etí yóò sún sí ohùn tó tún ga sí i. Ohun tó ń ta létí ẹnìkan lè tipa bẹ́ẹ̀ dùn bí oyin létí ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n awọ tó wà nínú lọ́hùn-ún fẹ́lẹ́, eegun ló wà lábẹ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń ro èèyàn. Fóòmù rírọ̀ tí a lè fi dípò rọ́bà ló máa ń gba SE846 là níbẹ̀: a ó fi ìka yí i títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́, a ó kì í bọ etí, a ó dì í mú títí yóò fi wú. Ó ń dín ohùn òkè kù díẹ̀. IE 800 kéré, ó sì fúyẹ́, àmọ́ rọ́bà tirẹ̀ nìkan ló ń gbà, okùn rẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ sì máa ń gbé ìró aṣọ wọ etí. Okùn SE846 ẹ̀yìn etí ló ń gbà.

Ohun kan ṣì wà tó ń tan etí jẹ. Èyí tó bá fi díẹ̀ ké ju èkejì lọ ni yóò dà bíi pé ó dára jù. Bí fóònù bá wà ní ìwọ̀n kan náà, SE846 ni yóò ké jù, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dín tirẹ̀ kù kí àfiwé tó lè jẹ́ òótọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń pariwo, òun náà ló yẹ kéèyàn mú, torí ó ń dí ariwo ìta ju IE 800 lọ; nínú yàrá tó dákẹ́, IE 800 ni etí máa ń gbàgbé pé òun wọ nǹkan kan.