Kí Ni 1/72 Ń Ṣe Lára Ọkọ̀ Páálí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwòrán ọkọ̀ gbalasa òfurufú méjì kan ti ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù ní Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló fi páálí, páìpù omi àti ọmọrí ìgò ṣe wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì, ọkọ̀ inú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n fúnra wọn rò. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 ni wọ́n kọ 1/72 sí lára. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni wọ́n kọ 1/144 sí. Àwọn kan ní wọ́n ṣi nọ́ńbà gbé síra wọn ni, àwọn mìíràn rò pé iye owó ni. Èmi náà ń ṣe irú àwòṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe kó àwọn ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi jọ síbí.

Kí ni 1/72 túmọ̀ sí gan-an?

Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó bá gùn ní 72 lára ọkọ̀ gidi, 1 ni yóò gùn lára àwòṣe. Ẹni tó ga ní mítà 1.8, ìyẹn mìlímítà 1,800, yóò di mìlímítà 25 nígbà tí a bá fi 72 pín in, kò sì ní ju oríkèé òkè àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa rò gùn ní mítà 43.2. Ẹ fi 72 pín in, sẹ̀ǹtímítà 60 ló máa jẹ́; ẹ fi 144 pín in, ó di 30. Wọn kò ṣì í rárá.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ńlá fi wà lára ọkọ̀ kékeré?

Nítorí pé ìpín ni: màlúù kan tí ènìyàn 144 bá pín, ti olúkúlùkù kò lè tó ti màlúù kan náà tí ènìyàn 72 pín.

Ṣé a jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá yẹn fi ìlọ́po méjì ju kékeré lọ?

Ní gígùn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi ìlọ́po méjì gùn, ó fi ìlọ́po méjì fẹ̀, ó tún fi ìlọ́po méjì ga, nítorí náà inú rẹ̀ gba ìlọ́po mẹ́jọ. Bí kóńgò gàrí kan bá kún inú ọkọ̀ kékeré, kóńgò mẹ́jọ ni ńlá máa gbà. Páálí àti ọ̀dà tí yóò bo ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣírò èyí kí ẹ tó ra ohun èlò, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáadáa tó dúró lágbedeméjì nítorí pé owó páálí ìlọ́po méjì ni ẹni tó ń ṣe é fi sọ́wọ́.

Ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan rí, báwo lẹ ṣe ń wọn ìyẹn?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà wà, òun ló sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ̀ Saturn V tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ní 1969 ga ní mítà 110.6, ẹnikẹ́ni sì lè fi 144 pín in kó rí sẹ̀ǹtímítà 76.8. Ọkọ̀ àròsọ kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí.

Ènìyàn ni kí ẹ wá nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹnì kan jókòó síbi ìtọ́kọ̀, ẹnì kan ń gun àkàsọ̀. Ara ènìyàn kì í dín kù nítorí pé ó wọ inú ìtàn: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò ga tó nǹkan bíi mítà 2, ìjókòó rẹ̀ yóò ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀, àlàfo àárín ìgbésẹ̀ àkàsọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ gbé rúlà lé ẹnu ọ̀nà tó wà lórí àwòrán. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5, ẹ fi 2.5 pín 200, 80 ni yóò jẹ́, àwòrán yín sì ti di 1/80 nìyẹn. Ẹ wá wọn gígùn gbogbo ọkọ̀ náà lórí àwòrán kan náà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 54, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 80, ẹ óò rí mítà 43.2. Bí àwọn ọ̀dọ́ yìí ṣe rí tiwọn nìyẹn.

Ẹ má ṣe gba ẹ̀rí ẹnu ọ̀nà nìkan. Ẹ wo fèrèsé náà. Bí fèrèsé bá tò ní ipele ní ipele, láti ilẹ̀ ipele kan dé ilẹ̀ ipele kejì máa ń tó nǹkan bíi mítà 3. Bí ẹnu ọ̀nà bá sọ pé 1/80 tí ipele sì sọ pé 1/140, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, orí ìwé ni kí ẹ sì ti tún un ṣe kí abẹ tó kan páálí. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní ẹnu ọ̀nà, tí kò ní fèrèsé, tí kò ní ìjókòó, ẹ lè pè é ní mítà 4 tàbí mítà 4,000, kò sí ẹni tó lè já yín níyàn, ojú òǹwòran náà kò sì ní rí ibi tó máa dúró sí. Ẹ fún un ní ẹnu ọ̀nà kan, ó kéré tán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72 àti 144, tí kì í ṣe 70 àti 150?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì wọn nǹkan ló ti wá. Íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan: 12 lọ́nà mẹ́rin ni 48, lọ́nà mẹ́fà ni 72, lọ́nà méjìlá ni 144. Ní 1/72, íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ìyẹn ọkùnrin gíga kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Tamiya ní Japan ṣe àwòṣe ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ kan tó ń fi bátìrì rìn, títóbi tí bátìrì máa fi lè wọ inú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ̀yìn tó tà dáadáa ni ọ̀gá wọn tó wọ̀n ọ́n, ó sì bá 1/35 níbẹ̀. Títí di òní, 1/35 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń bẹ̀rù pé òfin kan wà tí àwọn máa rú.

Ṣé mo lè lo 1/100?

Bẹ́ẹ̀ ni, sẹ̀ǹtímítà kan á dúró fún mítà kan, kò sì sí èyí tó rọrùn jù ú lọ láti ṣírò.

Èwo ni kí n wá yàn?

Ẹ wo yàrá yín àti ọkọ̀ yín pọ̀. Ọkọ̀ Enterprise, ọkọ̀ gbalasa òfurufú inú fíìmù tẹlifíṣọ̀n Star Trek àkọ́kọ́, ni wọ́n sọ pé ó gùn ní mítà 289. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní 1/72, mítà mẹ́rin ni, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 kò sì ní gbà á. Ní 1/1000, kò ní tó rúlà ọmọ iléèwé kan. Àwòṣe rẹ̀ tí wọ́n fi ya fíìmù náà lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 11, nǹkan bíi 1/85, ó sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Smithsonian ní Washington. Ọkọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti ṣe, ní 1/48 tàbí 1/72.

Mo ṣírò tèmi dáadáa, síbẹ̀ ó jọ ohun ìṣeré ọmọdé. Kí ló fà á?

Ìnípọn ni. Gbogbo ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn ni ìwọ̀n kan náà kàn. Páálí tó nípọn ní mìlímítà 1 ti di irin tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7.2 ní 1/72. Ìlà tí ẹ fi abẹ fà láti pín ara ọkọ̀, bí ó bá fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà, sẹ̀ǹtímítà 3.6 ni, ìka méjì lè wọ ibẹ̀. Ní 1/1000, ìdajì mítà ni, ọmọdé lè já sínú rẹ̀. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí ẹ fi ṣe ẹ́ńjìnnì, fẹ̀ ní mítà 3.6 ní 1/72, ṣùgbọ́n mítà 7.2 ni ní 1/144, ìyẹn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìwé tínrín ni kí ẹ fi ṣe ara ọkọ̀, pẹ́ńsù tó mú ni kí ẹ sì fi fa ìlà rẹ̀.

Àṣìṣe wo ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Ẹ̀rọ ẹ̀dà. Mo gbé àwòrán 1/72 kan lọ ṣe ẹ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo gé gbogbo páálí mi lé e lórí, mo sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé awakọ̀ mi sójú ìjókòó, orí rẹ̀ kọ́ òrùlé, kò wọlé. Ẹ̀rọ náà ti dín àwòrán mi kù sí ìdá 94 nínú 100 kó lè gba ojú ìwé, ọkọ̀ mi sì ti di 1/76.6 kí n tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sí igun gbogbo àwòrán kí n tó gbé e jáde nílé, mo sì máa ń gbé rúlà lé ìlà náà kí n tó sanwó.

Bákan náà, ẹ má ṣe da íǹṣì pọ̀ mọ́ sẹ̀ǹtímítà. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lé e.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe é. Ǹjẹ́ ewu wà?

Ó wà. Abẹ tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, nítorí agbára ni ọmọ máa fi tì í. Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ lójú ẹsẹ̀ máa ń gbóná bí ó bá kan òwú, nítorí náà ẹ má ṣe fi òwú tàbí aṣọ òwú nù ún. Ọ̀dà tí a ń fín máa ń jẹ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti fín in, kí wọ́n bo imú, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná.

Kí ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe?

Sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1, èyí tí yunifásítì FUTA níbí ní Àkúrẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kyutech ti Japan jọ ṣe, tó lọ sí gbalasa òfurufú ní 2017. Àpótí kékeré ni, ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ní 1/72, kò ju orí pín-ín-nì lọ. Ní 1/10, ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Nítorí náà 1/1 ni kó ṣe é: kó gé páálí mẹ́fà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, kó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé ènìyàn oní-mìlímítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wá sọ fún yín bí àpótí náà ṣe ga tó lójú ẹni yẹn.