Ẹ̀rọ Afurasíni, Kì í Ṣe Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé pe ẹ̀rọ tó ń wá ìwé tí ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) kọ ní ẹ̀rọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹ̀rí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wá. Èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, bóyá ọgbọ́n àtọwọ́dá ló bá a kọ ọ́, kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ẹlòmíì tún pè é ní atúṣu-désàlẹ̀-ìkòkò. Ìkòkò wo? Ọmọrí rẹ̀ gan-an kò tíì ṣí. Àwọn tó ń kọ "dìtẹ́kítọ̀", ìyẹn "detector" ti Gẹ̀ẹ́sì, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀.

Afurasíni ni mo pè é, torí pé ìfura ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó jọ "afurasí" tí àwọn oníròyìn ń pe ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó yẹ kó jọ ọ́! Ibi tí afurasíni bá wà, afurasí kì í wọ́n níbẹ̀.

Kì í rí ọwọ́ tó kọ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ló ń wò: bí ó bá rọrùn láti mọ èyí tó kàn, á ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àfi bí ọdẹ àdúgbò tí wọ́n sọ fún pé rọra ni olè máa ń rìn lóru. Àlejò tí kò mọ ibi tí kòtò wà, tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ jẹ́jẹ́, òun ni ọdẹ máa kọ́kọ́ dè.

Àlejò inú Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé àròkọ 91 fún irú ẹ̀rọ yìí méje, láti inú TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ìdá 61 nínú 100 tí wọ́n kà sí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún yẹn kan náà, OpenAI tó ni ChatGPT kó afurasíni tirẹ̀ nílẹ̀, ó ní kò péye tó. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà náà pa afurasíni ti ilé-iṣẹ́ Turnitin tó ń lò.

Tẹ́lẹ̀, bí iṣẹ́ bá rú olùkọ́ lójú, á ní, "Wá jókòó, ṣàlàyé ojú ewé yìí fún mi." Ní báyìí, iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa wá ẹ̀rí. Àwọn kan ń ya fídíò kọ̀ǹpútà wọn bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Àwọn mìíràn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi sípẹ́lì kọ, kí ẹ̀rọ lè gbà pé ènìyàn ni wọ́n.