Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ dọ́là

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, èèyàn mẹ́ta ló ti wá jókòó síwájú mi ní ọ́fíìsì wa ní Garki, l'Ábújá, tí wọ́n ń bínú pé báńkì jí owó àwọn ní Saudi. Úmúrà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bọ̀. Mo gba rìsíìtì ọwọ́ wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tẹ ohun tó gbé owó lọ.

Ọdún 17 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ káàdì báńkì, kò sì sí ohun tó ń dùn mí tó èyí. Tí ẹ bá fi káàdì dọ́là sanwó lórí POS nílẹ̀ òkèèrè, ẹ̀rọ lè bi yín pé ṣé riyal, ìyẹn owó Saudi, ni àbí dọ́là. Ẹ wò ó pé dọ́là ló wà nínú àkáǹtì yín, ẹ bá tẹ dọ́là. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú yín. Tó bá jẹ́ riyal lẹ tẹ̀, iye tí Visa tàbí Mastercard, èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì yín, fi ń ṣẹ́ owó ni wọ́n máa lò. Tó bá jẹ́ dọ́là, ẹni tó ni ẹ̀rọ àti báńkì tirẹ̀ ló máa ṣẹ́ ẹ fún yín, wọ́n á sì gbé èrè tiwọn lé e.

Ti Saudi tilẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Láti ọdún 1986 ni ìjọba ibẹ̀ ti so riyal 3.75 mọ́ dọ́là kan. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn san 1,500 riyal fún òtẹ́ẹ̀lì ní Mọ̀dínà. Ẹ fi 3.75 pín in, dọ́là 400 ni. Dọ́là 424 ló kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀. Ta ló gbà á nímọ̀ràn? Ẹnì kan lára àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4 ni, ó ní kó tẹ dọ́là kí owó má baà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó ń ṣẹ́, ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ lẹ̀ ń yàn.

Bí akọ̀wé ìsanwó bá bá yín tẹ̀ ẹ́ láì bi yín, ẹ ní kó fagi lé e, kó tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni, Visa àti Mastercard ló ṣòfin pé oníkáàdì ni kó yàn. Tí ẹ bá ti kúrò nídìí káńtà, ó máa ń nira fún wa láti gba owó yẹn padà.

Káàdì àwìn (credit card) kì í ṣe ohun tí à ń kì bọ ATM. Ọjọ́ tí ẹ bá fi fa owó jáde ni èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Òtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ lò ó fún, torí wọ́n máa ń ti owó ìdúró, ìyẹn owó ìdánilójú, mọ́lẹ̀ lórí káàdì títí ẹ ó fi kúrò, ìgbà mìíràn ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má jẹ́ owó oúnjẹ yín ni wọ́n tì.

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí báńkì má san owó ìrìnàjò ní pépà mọ́, àwọn tó máa ń di dọ́là sínú aṣọ tẹ́lẹ̀ di oníkáàdì lójijì. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn gbájúẹ̀ ń dọdẹ.

Àlàájà kan láti Kubwa fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin Haramain lórí fóònù, láti Mẹ́kà lọ sí Mọ̀dínà. Káàdì kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pe ẹnì kan nílé tó ń pe ara rẹ̀ ní alálùfáà, ẹni yẹn ní ayé ló dì í, ó gba owó sàárà. Ayé wo? Orí láìnì Nàìjíríà rẹ̀ ni OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ń mọ̀ pé oníkáàdì ló ń sanwó, ń wọlé sí, ó sì ti yọ síìmù yẹn sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kó tó wọ bàálù. Ká ní ó ti ní kí wọ́n ṣí láìnì náà fún òkèèrè, tó sì mú un dání, ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tí sàárà kò ṣiṣẹ́, wọ́n júwe ẹlòmíràn fún un tó ń "ṣí káàdì". Ó ní kí Àlàájà ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó tún gba nọ́ńbà ọmọ náà, ó pè é pé báńkì ìyá àgbà ni òun, pé kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé fún òun kí ìyá àgbà lè rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ ọdún 13. Ó kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní Mẹ́kà, dọ́là 1,150 ti lọ.

Mo ti dènà káàdì náà, mo sì ti kọ ẹ̀sùn, àmọ́ níbi tí OTP bá ti bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹjọ́ wa kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlàájà mú ọmọ náà dání wá sọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kò gbójú sókè títí wọ́n fi lọ.