Ọgbẹ́ dáì: ohun tó ń tú àṣírí ayédèrú báàjì ogun Jámánì

Ẹni tó bá ń ṣa báàjì àwọn ọmọ ogun Jámánì jọ, ti ogun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n: dáì. Dáì ni irin líle tí wọ́n gbẹ́ àwòrán báàjì sí nínú ní òdì, bí ojú òǹtẹ̀. Wọ́n á gbé idẹ tàbí síǹkì pẹlẹbẹ lé e, ẹ̀rọ á fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àwòrán náà á sì yọ jáde. Títẹ̀ nìyẹn. Dídà ní tirẹ̀ ni kí a yọ́ nǹkan náà, kí a dà á sínú mọ́òdù, kí ó tutù.

Dáì gbígbẹ́ wọ́n, ó sì gba oníṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ayédèrú fi jẹ́ dídà. Oníjìbìtì á mú ojúlówó kan, á fi ara rẹ̀ ṣe mọ́òdù, á da tirẹ̀. Àmọ́ ohun tí a yọ́ máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà ẹ̀dà á kéré sí ìyá rẹ̀ díẹ̀. Ojú lè má rí i, kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, á rí i. Afẹ́fẹ́ tó há sínú mọ́òdù á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ idì tó mú ṣáṣá lára ojúlówó á wá kújú bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má tíì yọ̀ o: nígbà tí ogun ń le sí i, síǹkì rọ́pò idẹ dáadáa tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń da báàjì gidi. Dídà nìkan kò tó láti pe nǹkan ní ayédèrú.

Ẹ wo Àgbélébùú Irin, àmì ẹ̀yẹ àwọn ọmọ ogun Jámánì, tí wọ́n tún mú padà wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí: irin tí wọ́n kùn ní dúdú wà láàárín, férémù méjì tó ń dán bíi fàdákà sì gbá a mú níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n wá jó férémù méjèèjì pọ̀ létí. Ayédèrú olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ odindi kan tí wọ́n kun àárín rẹ̀. Òòfà á mú irin àárín, ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì náà mọ èyí, wọ́n ti ń fi irin sí i. Àwọn ojúlówó díẹ̀ sì wà tí àárín wọn kì í ṣe irin.

Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń lù mọ́ báàjì ńkọ́? 4 ni Steinhauer & Lück ti ìlú Lüdenscheid, 65 ni Klein & Quenzer ti Idar-Oberstein. Èmi a máa wò ó kẹ́yìn, torí òun ló rọrùn jù láti lù mọ́ nǹkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ọgbẹ́ dáì. Dáì tó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún báàjì máa ń sán, etí rẹ̀ a máa kán. Ibi tó bá jìn lára dáì ló ń yọ gọ́ńgọ́ lára báàjì, nítorí náà gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn náà á gbé àpá yẹn, ní ojú ibi kan náà. Bí àpá ilà ojú ni: ó ń sọ ilé tí báàjì ti wá. Ọgbẹ́ yìí kì í jinná, ńṣe ló ń gbòòrò, ìyẹn la fi ń mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Èyí wúlò gan-an nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1957. Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ṣòfin lóṣù keje ọdún náà pé àwọn tó jagun lè tún fi báàjì wọn sáyà, bí kò bá sáà ti ní swastika, àmì ẹgbẹ́ Hítílà. Lára Àgbélébùú Irin, ewé igi óòkù ló rọ́pò rẹ̀. Steinhauer & Lück wà lára àwọn tó ṣe tuntun yìí. Ní Vienna, ilé iṣẹ́ Souval tó ṣe báàjì nígbà ogun kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ogun, ó tún ń ṣe onísíwásítíkà fún àwọn tó ń ṣà á jọ. Ilé iṣẹ́ gidi, irinṣẹ́ gidi, àkókò nìkan ló purọ́.

Ká wá ní ẹ mú Àgbélébùú Irin onísíwásítíkà kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ onéwé óòkù tí dáì férémù kan náà tẹ̀. Bí ọgbẹ́ férémù tiyín bá tóbi ju ti onéwé lọ, a jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tẹ tiyín, ìyẹn lẹ́yìn tí ogun ti parí fún ọdún méjìlá ó kéré tán. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹni tó tà á fún mi búra pé bàbá bàbá òun ló gbà á lójú ogun, mo sì sanwó ojúlówó.